Òní

Nínú ìwé ìbatisí ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ígbẹ̀ìn,
lójú ewé kan tí ikán ti jẹ etí rẹ̀,
ọmọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo:
ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 1944.
Tàdáwà kan náà, ọwọ́ kan náà.
"Ọmọkùnrin. Ìyá: aláró, Ìtòkú. Bàbá: sójà."
Bàbá mi nìyẹn.

Ìdí ìkòkò aró ni ìrọbí ká ìyá mi àgbà mọ́.
Ó ní òun ò tilẹ̀ ráyè fọwọ́.
Nígbà tó gba ọmọ mọ́ra, ìka márùn-ún dúdú aró
hàn lẹ́yìn ìkókó bí òǹtẹ̀.
Ọmọ náà ké. Ó ké di àṣálẹ́, ó ké mọ́jú,
ó ké títí tí àwọn ará òkè fi ń béèrè pé ta ló bímọ.
Ọmọ tó bá ké báyẹn, a kì í wá orúkọ fún un.
Òní ni. Orúkọ ti bá a wá.

Bàbá rẹ̀ wà nínú igbó Bọ́mà,
Ṣówándé, ọmọ Lípẹ̀dé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe n'Ísàlẹ̀-Ìgbẹ̀ìn,
tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá
pẹ̀lú súpánà kan lápò,
ó ní bóyá ogun náà á ní kẹ̀kẹ́.

Ìwé dé nígbà tí ọrùn ọmọ ti ń dúró.
Tíṣà Májẹ̀kódùnmí kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà,
ó gbójú sókè, ó wo ọmọ.
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta.
Ilé pa lọ́lọ́.

Àwọn àgbà ẹbí ti ń mi orí:
"Baba ló padà wá. Ẹ yí orúkọ ọmọ náà padà."
Ìyá mi àgbà ní rárá.
Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ lọkọ mi fi wà lójú òkun kó tó débẹ̀.
Ẹsẹ̀ wo ló fi rìn ín padà lọ́jọ́ kan?
Ẹ má fi ọmọ mi dí ihò tí ọta lu."
Ó wá yíjú sí tíṣà:
"Ìwọ tó kàwé, ibi tí wọ́n wà yẹn,
ṣé oòrùn wọn kì í ṣáájú tiwa là?"
Tíṣà ní ó ń ṣáájú, ó ju wákàtí márùn-ún lọ.
Kò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ìṣirò yẹn ló ń ṣe títí ó fi kú:
igbe wo ló kọ́kọ́ jáde,
tirẹ̀ lórí ẹní, tàbí tọkọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀;
àbí nígbà tó ń ké pe orúkọ rẹ̀ pé kó gba òun,
ẹni tó ń pè ti dákẹ́ láti ìdájí.

Ọmọ kejì ojú ewé yẹn, obìnrin, ará Ìkìjà:
ó ṣe búrẹ́dì ní Sápọ́n títí ó fi darúgbó,
ó ṣì wà láyé, etí nìkan ló di.
Ẹnìkẹta, Ṣóbọ̀wálé, di sójà lóun náà.
Ó lọ sí ogun Bìáfíra.
Ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Lánàá, Òní pé ọgọ́rin ọdún.
A ra kéèkì. Àwọn ọmọọmọ ti tanná sí àbẹ́là.
Ó ní ká dúró.
Ilé yìí kì í fẹnu kan nǹkan lọ́jọ́ yìí kí oòrùn tó kọjá àtàrí;
ìyá rẹ̀ ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀:
àárọ̀ ti ẹni tó lọ, ọ̀sán ti ẹni tó dé.
Àbẹ́là ń yọ́ sórí ṣúgà.
Nígbà tí aago méjìlá lù, àbúrò pátápátá tẹ fóònù rẹ̀,
ó ní, "Bàbá, níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú."

Bàbá mi nawọ́ mú ọ̀bẹ,
ó tún gbé e kalẹ̀.
Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣú tán."